Abẹ́rẹ́ Mẹ́ta ní Ṣóńṣó

Ṣàràràrà, gbùù!

Bí yìnyín ṣe máa ń ya láti orí páànù gígùn wọ inú ọkọ̀ apẹja nìyẹn, láàárọ̀ kùtù, nígbà tí Nevin Tregenza wà lọ́mọdé ní Port Hallam. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé yìnyín tó wà létí èbúté. Kò sí apẹja tó ń ṣí lọ sójú òkun láìdúró nídìí páànù yẹn, ìyàwó tó ṣì wà lórí ibùsùn á sì gbọ́ gbùù, á mọ̀ pé ọkọ òun ti ń lọ. Lẹ́yìn gbùù náà, ìró kékeré kan tún máa ń tẹ̀lé e. Ìyẹn ni Nevin ti gbàgbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Adelaide, láàárín ariwo ọkọ̀ àti ariwo tẹlifóònù, tó ohun tó lè mú èèyàn gbàgbé ìró kékeré.

Ìró ńlá yẹn ló ń dún létí rẹ̀ ní ọjọ́rú tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, tí atẹ́gùn òkun sì já fìlà orí rẹ̀ gbá a mọ́ wáyà ọgbà. Oṣù kejì ọdún ni, oòrùn ń ta bí ẹni ń bínú. Ó mú fìlà rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Crispin Pell, mánéjà ilé ìwòsàn náà, ti ń dúró dè é. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ètè rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

"Omi ni," Pell wí, kó tó jókòó. "Omi lásán ni obìnrin náà fún wọn."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀," Nevin dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Oògùn líle tí wọ́n fi ń pa àrùn jẹjẹrẹ kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Bó ṣe ń pa jẹjẹrẹ ló ń pa ẹ̀jẹ̀ funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara. Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì tí aláìsàn bá gba oògùn líle, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún un, tó ń jí mùdùnmúdùn inú eegun kó lè tètè bí ọmọ ogun mìíràn. Ẹni tí abẹ́rẹ́ yẹn bá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, á ti lè bá èèyàn jà. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ọ̀fìnkìn lásán lè gbé e lọ.

Láàárín oṣù kan, kò ṣiṣẹ́ lára èèyàn mẹ́ta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé ní Ṣóńṣó, àdúgbò àwọn apẹja túnà létí èbúté, tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, níbi tí ilẹ̀ ti yọ ẹnu gígùn wọ inú òkun. Tome arúgbó wà ní Adelaide, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ. Obìnrin kan tó ń ran àwọ̀n jàjà bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ẹnì kẹta, Zorka Vidas, wà níhìn-ín, nínú yàrá àdágbé, ibà mú un láti ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí Nevin gbọ́ orúkọ ẹnì kẹta yìí, ó dá gègé ìkọ̀wé rẹ̀ dúró. Ó tún ń kọ̀wé lọ.

"Glenys Orchard nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ fíríìjì oògùn," Pell wí. "Ó jí ojúlówó, ó fi omi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀: abẹ́rẹ́ méjì jáde, òun ló buwọ́ lù ú, kò sórúkọ aláìsàn kankan níwájú ẹ̀. Kí ló tún kù?"

"Ó ku pé kẹ́ ẹ sọ fún mi bó ṣe rọ omi sínú abẹ́rẹ́ tí ilé iṣẹ́ ti dí pa."

"Iṣẹ́ tiyín nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà mi ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n máa gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan kan kó tó di ìgbà yẹn, ẹ wá sọ fún mi. Tẹ́ ò bá rí i, lẹ́tà ń lọ."

Nevin béèrè fún àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò. Wọ́n ti kó wọn bọ̀ láti ilé àwọn aláìsàn, nínú agolo wọn. Ó dì wọ́n, ó sì fi wọ́n rán ọkọ̀ òfuurufú ọ̀sán lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Adelaide.

*

Glenys Orchard ń lọ aṣọ nọ́ọ̀sì nígbà tí Nevin dé ilé rẹ̀. Wọ́n ti ní kó má wọ̀ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé, síbẹ̀ ó ń lọ̀ ọ́. Obìnrin onígbọ̀nwọ́ líle ni, ó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún.

"Tíì lẹ fẹ́ àbí ìbéèrè?" ó bi í.

"Méjèèjì, mà."

"Wàrà wà nínú fíríìjì. Ẹ bu ún fúnra yín, ọwọ́ mi dí."

Nevin bu wàrà sí tíì. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà bó ṣe ń ti àyọ̀nù lọ, tó ń fà á bọ̀.

"Pell ní omi lẹ fún wọn."

"Láti ìgbà tí Pell ṣì ń tọ̀ sára ni mo ti ń gún abẹ́rẹ́. Tó bá fẹ́ omi, kó lọ sí èbúté."

"Abẹ́rẹ́ méjì tó jáde láìsí orúkọ ńkọ́?"

Àyọ̀nù dúró sójú kan. Nígbà tó máa fi gbé e kúrò, àmì rẹ̀ ti hàn lórí kọ́là aṣọ, pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Ẹ ti jẹ́ kí n ba aṣọ mi jẹ́."

"Mà, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Glenys fa okùn iná yọ, ó sì jókòó. "Mo kó o fún ẹnì kan ni. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Clive Schirmer, òkè lọ́hùn-ún, ìrìn wákàtí méjì. Tí òjò bá rọ̀ lójijì, omi ń gé ọ̀nà wọn fún odidi ọ̀sẹ̀. Mo kó ti ìgbà mìíràn lé ti ìsinsìnyí fún un. Òfin kò fàyè gbà á. Tí mo bá kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n máa gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Kí n máa wo òjò?"

"Ta ló máa ń gún àwọn ará Ṣóńṣó?"

"Tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì kan máa ń wa ọkọ̀ lọ bá wọn nílé. Láti oṣù kọkànlá, Pell ní iṣẹ́ ẹ̀ kò pọn dandan mọ́. Báyìí, kálukú ń gbé tiẹ̀ lọlé, ará ilé ń gún un lọ́jọ́ kejì. Mo máa ń fún wọn ní báàgì kékeré pẹ̀lú ike òtútù, màá ka ìwé ìlànà sí wọn létí: ẹ má jẹ́ kó gbóná, inú òtútù ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." Ó na ọwọ́ sí kọ́là tó jóná, ó fi èékánná ha á. "Ṣé ẹ gbà pé mo jalè?"

"Mi ò tíì gba nǹkan kan gbọ́," Nevin wí. "Tíì yín dùn."

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin ilé àyẹ̀wò ni.

"Kì í ṣe omi o, ọ̀gá."

"Kí ni?"

"Oògùn náà gan-an ni, ojúlówó. Àmọ́ ó ti bàjẹ́. Ẹ mọ wàrà tó bá ti yapa, tó ń dì lọ́mọ lọ́mọ? Bó ṣe wà nìyẹn, ojú lásán ni ò lè rí i. Kò lè jí nǹkan kan lára ẹnikẹ́ni mọ́."

"Kí ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀nà bíi mẹ́ta ló wà, mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ooru ló wọ́pọ̀ jù."

Nígbà tí Pell gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ooru! Kò jalè, ó gbàgbé rẹ̀ síta nínú oòrùn. Ìyẹn náà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Lẹ́tà mi kò yí padà, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni màá pààrọ̀."

Nevin ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ fíríìjì han òun. Ẹ̀rọ kan wà lára rẹ̀ tó ń fa ìlà òtútù tọ̀sán-tòru. Ìlà náà tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò gòkè, kò sọ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá bàjẹ́, kì í ṣe ibí yìí ló ti bàjẹ́. Lẹ́yìn tó ti kúrò ní ilé ìwòsàn ni. Ó yá ọkọ̀, ó sì kọrí sí òkè.

Ilẹ̀ gbẹ, ó funfun. Tẹmómítà ọkọ̀ ní òde ti gbóná dé ìwọ̀n mọ́kànlélógójì. Clive Schirmer ló bá lábẹ́ katakata, ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ.

"Ọlọ́pàá ni mí, bàbá."

"Tí ẹ bá wá torí ajá mi, àgùntàn yẹn ló kọ́kọ́ bú u," ẹsẹ̀ náà fèsì.

"Abẹ́rẹ́ ni mo wá fún."

Àgbẹ̀ náà rá jáde. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, orí rẹ̀ pá nítorí oògùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Nítorí Glenys, ó kọ́kọ́ ní òun kò mọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kankan. Nígbà tí Nevin ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú un wọlé, ó sì ṣí fíríìjì. Páálí abẹ́rẹ́ kejì wà níbẹ̀, láàárín bọ́tà àti ẹran ajá. Nevin wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti Zorka Vidas: ilé iṣẹ́ kan náà, ọjọ́ kan náà, fíríìjì kan náà.

"Ẹ̀yin ti gún àkọ́kọ́?"

"Ìyàwó mi gún mi. Ó gbádùn ẹ̀ jù."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ńkọ́?"

"Dókítà ní ọmọ ogun mi pọ̀ ju àgùntàn mi lọ."

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e wálé, báwo lẹ ṣe gbé e?"

"Nínú báàgì kékeré yẹn. Ọkọ̀ mi kò ní ẹ̀rọ atutù. Àní ẹ wò ó, ìgbà tá a máa fi délé, ike òtútù yẹn ti di omi gbígbóná, a lè fi po tíì."

Nevin dúró lójú ọ̀nà ilé àgbẹ̀ náà, kò tíì wọ ọkọ̀. Ó kó ọ̀rọ̀ náà jọ bí ẹni ń to káàdì. Ẹni tó gba ọ̀nà tó jìn jù, tó gbóná jù, ara rẹ̀ dá. Àwọn tó gba ọ̀nà etí òkun, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí kò ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ, àwọn ló ṣubú lulẹ̀. Tó bá jẹ́ ooru ni, òdì kejì rẹ̀ ló yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Òdì kejì. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wọ ọkọ̀.

*

Wọ́n fi ìbòmú dí i lẹ́nu, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n ní kó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ yàrá àdágbé. Zorka Vidas fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ó ti rù débi pé òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí ìka. Ó wo ojú àlejò rẹ̀ lókè ìbòmú fún ìgbà díẹ̀.

"Ọmọ oníyìnyín!" ó wí. "Nevin. Ojú yẹn ni mo mọ̀. O ti sanra."

"Ìwọ ò sì sanra tó."

"Oògùn ni. Tí mo bá mọ̀ pé bí mo ṣe máa rẹwà tó nìyí, ǹ bá ti tètè ṣàìsàn." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé ẹ̀rín náà mì. "Frane mọ̀ pé o wà nílùú?"

"Mi ò tíì rí ọkọ ẹ."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ẹ́ nìyẹn." Nevin ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. "Ó dáa. Béèrè tìẹ."

"Ta ló ń gbé abẹ́rẹ́ yín láti ibí dé Ṣóńṣó?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Frane. Tèmi, ti Tome, ti obìnrin aláwọ̀n. Ó ń gbé gbogbo wa lọ, ó ń gbé wa bọ̀. Ó ń gbé abẹ́rẹ́ yẹn bí ẹyin. Kò jẹ́ kí oòrùn rí i rárá."

"Báàgì tí nọ́ọ̀sì fún yín ńkọ́?"

"Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní báàgì tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ ọmọ ilé ìwé ni. Inú kúlà ẹja ló ń gbé e sí, èyí tó fi ń gbé túnà tó ń lọ sí Japan."

Nevin fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀. "Tó o bá mú páálí rẹ̀ jáde nínú kúlà, báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Ó máa ń rọ̀. Bébà ara rẹ̀ á ṣí sí mi lọ́wọ́. Mo sá a sójú wíńdò ilé ìdáná, tó bá gbẹ, mo ń fi kó irúgbìn ẹ̀fọ́ sí. Ó wà níbẹ̀ báyìí." Ó wò ó. "Kí ló dé? Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti so ìdákọ̀ró mọ́ ẹ lọ́rùn."

"Ìbòmú yìí ló ń fún mi."

*

Ó rí páálí mẹ́ta lójú wíńdò ilé ìdáná Zorka, bí obìnrin náà ṣe wí. Àwọn ará Ṣóńṣó kì í ti ilẹ̀kùn ilé wọn. Ó gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà funfun kan yí i ká, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èyí tí òkun máa ń fi sílẹ̀ lára òkúta tó bá ti fà sẹ́yìn. Ó fi ahọ́n kàn án.

Látìgbà yẹn, ó ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Bó ṣe ń rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, ó gbọ́ ọ. Ṣàràràrà, gbùù! Ilé yìnyín bàbá rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ṣùgbọ́n páànù gígùn yẹn ṣì wà. Lẹ́yìn gbùù náà, ìró kékeré tó ti gbàgbé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ̀lé e: ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀. Ṣọ́bìrì ni. Òun ni wọ́n fi ń bu iyọ̀ sórí yìnyín.

Ẹni tó di ṣọ́bìrì mú gbé orí sókè. Irun rẹ̀ ti funfun, èjìká rẹ̀ kò tíì tẹ̀.

"Wọ́n sọ fún mi pé o dé," Frane Vidas wí.

"Mo dé lánàá."

"Èèyàn ò lè yára jù."

Ẹyẹ òkun méjì ń jà sí ìfun ẹja lẹ́yìn wọn.

"O rí lẹ́tà mi gbà?" Frane bi í. "Èyí tí mo kọ nígbà tí bàbá ẹ kú."

"Mo rí i."

"Ó dáa. Mo rò pé ó sọnù ni." Frane ti ṣọ́bìrì mọ́ ògiri. "Wá mu kọfí."

Ó se kọfí náà nínú ìkòkò kékeré ọlọ́wọ́ gígùn, nínú ahéré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó dúdú, ó ki bí ọ̀dà. Nevin mu ún, kò béèrè ṣúgà. Ó mú ike omi pélébé kan jáde nínú àpò, irú èyí tí wọ́n dí lẹ́nu, tí wọ́n fi ń fọ ojú ọgbẹ́ nílé ìwòsàn.

"Bá mi di èyí sínú kúlà. Gẹ́lẹ́ bó o ṣe máa ń di abẹ́rẹ́ Zorka."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mò ń wádìí ni, Frane."

Frane kò jiyàn. Ó bu yìnyín kún kúlà dé ìdajì. Ó bu iyọ̀ lé e, ṣọ́bìrì kan, méjì, ó wò ó, ó fi ẹ̀kẹta kún un. Ó da omi òkun díẹ̀ sí i, ó fi ọwọ́ rò ó, títí yìnyín fi di nǹkan ṣàkìṣàkì bí ògì tí kò jinná. Ó ti ike omi náà bọ àárín gbùngbùn rẹ̀, ó sì de ìdérí.

"Iyọ̀ rẹ pọ̀," Nevin wí.

"Kí n fi yìnyín lásán gbé e? Ṣé ọtí ọjọ́ ìsinmi ni? Bàbá ẹ ló kọ́ mi. Yìnyín lásán kì í tutù ju ara rẹ̀ lọ, fi iyọ̀ sí i, á tutù ju yìnyín lọ. Túnà tí mo bá dì báyìí, tó bá dé Japan, wọ́n á jẹ ẹ́ ní tútù láìbẹ̀rù. Ẹja tí àjèjì máa jẹ, mi ò fi òtútù ṣahun sí i. Ti ìyàwó mi ni màá wá fi òtútù ṣahun sí?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Wọ́n ní nọ́ọ̀sì yẹn ló jí oògùn náà. Ṣé òótọ́ ni?"

"Mi ò tíì parí ìwádìí."

"Tó o bá parí ẹ̀, sọ orúkọ ẹni náà fún mi kó o tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣe Zorka báyìí, màá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fi ṣe ìjẹ."

Nevin gbé kúlà náà, ó wúwo. "Ìgbà wo lo ń lọ sójú òkun?"

"Lọ́la láàárọ̀, a fẹ́ bọ́ túnà tá à ń sìn nínú àgò ojú òkun. Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yìn erékùṣù ò gba ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló máa ń yọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

*

Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni láti Ṣóńṣó dé ilé ìwòsàn. Nevin wa ọkọ̀ náà bí Frane ṣe máa wà á, kò sáré, kò sì fà. Ó gbé kúlà náà lé orí tábìlì Pell, lórí ìwé tó wà níbẹ̀, ó ṣí i, ó tẹ tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ìwọ̀n méje lábẹ́ òdo. Ó yọ ike omi náà jáde, ó sì fi kan tábìlì.

Kọ̀ọ́!

Ó ti di òkúta.

"Ooru kọ́," Nevin wí. "Òtútù ni. Obìnrin ilé àyẹ̀wò ti pè mí padà, ó ní ọ̀nà kejì tó lè gbà bàjẹ́ nìyẹn: kó dì, kó tún yọ́. Tó bá yọ́ tán, á mọ́ roro, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kúlà kan náà ló gbé tiwọn. Àgbẹ̀ tó gba inú oòrùn kọjá kò ní kúlà ẹja, ara tiẹ̀ dá. Ẹ sì wo Zorka Vidas fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tó ti wọlé síbí, inú fíríìjì yín náà lẹ ti ń mú abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń gún un. Ẹ jẹ́ ká wo iye ọmọ ogun rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Tó bá gòkè, fíríìjì dáa, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì mọ́."

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àbájáde ẹ̀jẹ̀ dé. Ó ti gòkè. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gòkè.

Pell ka ìwé náà, ó sì ká ètè rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ṣì jẹ̀bi. Ó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn pé kò gbọ́dọ̀ dì."

Ohun tí Nevin ń retí nìyẹn. Ó mú bébà kan jáde, ìwé ìlànà tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn, ó sì kà á sókè: "'Ẹ má jẹ́ kó gbóná. Inú òtútù ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.' Ó tán. Kò sọ iye òtútù. Ẹ lọ sọ fún apẹja túnà pé kó tọ́jú nǹkan sínú òtútù, ká wá wò ó. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé ì bá rí kúlà yẹn lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ní iṣẹ́ rẹ̀ kò pọn dandan. Ìbuwọ́lù ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé yìí?"

Pell kò wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Kò nílò rẹ̀.

"Ẹ lè fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ lọ́sàn-án," Nevin wí. "Tèmi á tẹ̀lé e."

Pell ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ti lẹ́tà náà sínú rẹ̀, ó sì tì í. Nevin pe Glenys Orchard lórí fóònù.

"Mà, ẹ lọ wọ aṣọ yín."

"Kọ́là ẹ̀ ti jóná, ẹ̀yin lẹ fà á," obìnrin náà wí. "Ta wá ni?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹnì kan máa ń wà."

"Ẹni tó ní ìfẹ́ jù ni," Nevin wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀, torí kò mọ bó ṣe máa parí gbólóhùn náà.

*

Ọkọ̀ òfuurufú máa gbéra ní aago méjìlá. Nevin jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ọgbà, fìlà rẹ̀ wà lábẹ́ itan kí atẹ́gùn má baà tún gbé e. Láti ibẹ̀, ó ń wo òkun, àti àwọn ọkọ̀ túnà tó ti kéré bí èékánná. Frane wà nínú ọ̀kan.

Ìròyìn tó kọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Adelaide kò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: kò sí olè, kò sí ẹ̀sùn. Ti Frane ni kò ṣeé kọ. Ó ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní àkọ́kọ́, ó dà bí ìwé ọlọ́pàá. Lẹ́ẹ̀kejì, irọ́ wà nínú rẹ̀: ó kọ pé ilé iṣẹ́ oògùn ló ṣàṣìṣe, ó sì rí i pé tí abẹ́rẹ́ mìíràn bá tún kàn, Frane á tún bu iyọ̀ ṣọ́bìrì mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta àti ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò kọ ju "Frane" lọ.

Ó ti ro pé kó dúró kí Frane dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò ní dúró lọ́jọ́ mẹ́ta ní Port Hallam, ó sì dára kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹni tó kọ́ ọ ní iyọ̀ bíbù, ju kó gbọ́ ọ létí èbúté lọ. Wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn èrò. Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún, lórí ìdúró, kò sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ:

"Frane, Nevin ni. Kò sẹ́ni tó jalè. Yìnyín wa ló tutù jù fún oògùn náà. Iyọ̀ ló mú un dì, tó bá sì ti dì, ó bàjẹ́ nìyẹn. O ò mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ, àwọn tó yẹ kó sọ ọ́ ti gbà pé àwọn ò sọ ọ́. Bó o ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó lo ṣe dì í tó. Látòní lọ, báàgì kékeré yẹn ni, tó o bá délé, àárín fíríìjì ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wàrà. Ẹ̀jẹ̀ Zorka ti ń gòkè láàárọ̀ yìí, ó ní kó o mú sadíìnì oníyọ̀ bọ̀. Lẹ́tà rẹ kò sọnù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà nínú àpótí mi. O ṣé tó o bá mi gbé bàámi dé ibojì."